Oòrùn Gbamu-Gbamu

Tẹ́lẹ̀, ní Gbamu-Gbamu, abúlé àwọn àgbẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, ìpínlẹ̀ Ògùn, wáyà iná ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ló ń rí iná. Ẹni tí kò ní, àtùpà ló gbójú lé.

Ọdún 2018 ni nǹkan yí padà. Ilé-iṣẹ́ Rubitec, ti ọmọ Nàìjíríà, gbé iná oòrùn kílówáàtì 85 kalẹ̀ síbẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti ìjọba Jámánì ló ṣe ìrànwọ́.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Páńẹ́ẹ̀lì ń gba ìtànṣán oòrùn lọ́sàn-án, bátìrì ń tọ́jú iná náà di alẹ́, jẹnẹrétọ̀ sì wà nílẹ̀ fún ọjọ́ tí òjò bá ṣú. Opó àti wáyà ń gbé e dé ojúlé, níbi tí mítà wà. Ibi tí ọrọ̀ ajé ti wọ̀ ọ́ nìyí: aránṣọ lè fi mọ́tò sí ẹ̀rọ rẹ̀, ẹni tó ń ta omi tútù lè ra fìríìjì.

Òótọ́ kan wà níbẹ̀. Irú iná báyìí sábà máa ń wọ́n ju ti ìjọba lọ, torí owó bátìrì kò kéré rárá. Ìdí nìyẹn tí owó òkè òkun fi ṣe kókó níbẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá 2023, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 750 dọ́là fún Nàìjíríà, kí irú iná yìí lè dé ọ̀dọ̀ èèyàn mílíọ̀nù 17 àti ààbọ̀. Owó yíyá ni, Nàìjíríà ni yóò sì san án padà.