Orúkọ Ilẹ̀ Wa Kí Ó Tó Bọ́ Mọ́ Wa Lọ́wọ́

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìlú tí ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa, ní Òkèhò)

Ọmọdé kì í ṣí ẹnu láàárín àgbà láìtọrọ àyè. Mo tọrọ àyè.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ ohun tí mo rí ní ìlú òyìnbó tí ó lè ṣe ìlú wa ní àǹfààní. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí ọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ojú irin tí ń gba abẹ́ ilẹ̀, tàbí nípa ilé ìwòsàn ńláńlá. Ẹ foríjì mí. Abúlé kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Selborne ni orúkọ abúlé náà. Ó wà ní ìgbèríko Hampshire, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí àádọ́ta máìlì sí Lọ́ńdọ̀nù. Òpópó kan ni ó ní, àti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan, àti ojúde kékeré kan níwájú ṣọ́ọ̀ṣì náà, àti òkè kan tí igbó bò tí ó dúró lẹ́yìn àwọn ilé. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ni ó mú mi lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tí a dé, mo bi í léèrè pé kí ni a wá wò, nítorí n kò rí ààfin, n kò rí ọjà, n kò sì rí ohun kan tí ènìyàn lè torí rẹ̀ wọ ọkọ̀ wá. Ó dá mi lóhùn pé ìwé kan ni a wá wò.

Ẹni tí ó kọ ìwé náà ni àlùfáà kan tí ń jẹ́ Gilbert White. A bí i ní abúlé náà ní 1720, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1793. Kì í ṣe ènìyàn ńlá. Àlùfáà olùrànlọ́wọ́ ni ó jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ìlú rẹ̀, kò di olórí ibẹ̀ rí títí ó fi kú. Òkúta orí ibojì rẹ̀ kéré, lẹ́tà méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ikú rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí wo ilẹ̀ abúlé rẹ̀ ní àwòfín. Bí ẹyẹ kan bá kọ́kọ́ ké lọ́dún, ó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ó wọ̀n ọ́n. Ó kọ nípa ekòló tí ń tú ilẹ̀ fún àgbẹ̀, nípa eku kékeré tí ń kọ́ ìtẹ́ rẹ̀ sára pòròpórò ọkà, àti nípa ìjàpá kan tí ó ń sìn nínú ọgbà rẹ̀. Àwọn ẹyẹ kéékèèké kan wà tí àwọn ènìyàn kà sí oríṣi kan náà. Igbe wọn ni ó fi mọ̀ pé oríṣi mẹ́ta ni wọ́n. Ní 1789 ni ìwé náà jáde, títí di òní ni wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́. Ilé tí ó gbé ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Igi ńlá kan ti wà rí ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n gbà pé ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. White wọ̀n ọ́n, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àyíká ìdí rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 23. Ní January 1990 ìjì wó igi náà. Igi ti wó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ó ti tóbi tó ní ayé White lè mọ̀ ọ́n lónìí.

Ọ̀ràn alápàńdẹ̀dẹ̀ sì pa mí lẹ́rìn-ín. Bàbá náà kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ nígbà òtútù. Ó gbà pé àwọn kan ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, síbẹ̀ títí ó fi kú kò yé wá ihò tí àwọn ìyókù lè fara pamọ́ sí ní àdúgbò rẹ̀. Ní 1911 ni wọ́n fi òrùka sí ẹsẹ̀ alápàńdẹ̀dẹ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní December 1912 ni a rí i mú ní Natal, ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà pátápátá. Wọ́n ń ré aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gba ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa yìí lọ. Ohun tí bàbá náà ń wá nínú ihò, orí àwọn baba ńlá wa ni ó ń fò kọjá lé.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò wí pé: kí ni èyí kàn wá? Ó kàn wá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pẹ́ tí a ti pín in sí àwọn agbègbè kéékèèké tí wọ́n ń pè ní páríìṣì: ṣọ́ọ̀ṣì kan pẹ̀lú abúlé, oko àti odò tí ó yí i ká. Ní 1538, ní ayé Ọba Henry Kẹjọ, Thomas Cromwell pàṣẹ pé kí àlùfáà páríìṣì kọ̀ọ̀kan máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sínú ìwé. Kí àwòrán ilẹ̀ tó wọ́pọ̀, wọ́n a máa yí ààlà páríìṣì ká lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àgbà pẹ̀lú ọmọdé, ní ibòmíràn wọn a sì fi pàṣán na àwọn ọmọdékùnrin ní ìdí òkúta ààlà kí wọ́n má baà gbàgbé rẹ̀ láyé. Pèrègún ni àwọn bàbá tiwa gbìn sí ààlà. Pàṣán nìkan ni a kò fi kún un.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ rò pé mo wá yin òyìnbó. Ìwé White dára fún ẹyẹ. Ebi tí ń pa àwọn alágbàṣe oko kò hàn nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní November 1830, àwọn alágbàṣe Selborne kan náà dìde. Wọ́n ká àlùfáà mọ́lé nítorí ìdámẹ́wàá, wọ́n sì ba ilé tí a ń kó àwọn aláìní sí jẹ́. A kó àwọn kan nínú wọn ní ẹlẹ́wọ̀n lọ sí Australia. Nígbà tí mo kà á, October 1916 ni ó wá sí mi lọ́kàn: ìgbà tí Ìsẹ́yìn àti ìlú wa yìí dìde nítorí ilé ẹjọ́ àti ìjọba tuntun tí wọ́n gbé kà wá lórí, tí ẹ̀mí ṣòfò, tí Ònjò ìgbà náà bá a lọ, tí sójà fi wá. Ìyà ọ̀ràn náà ni wọ́n fi mú àwọn baba wa sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè ní 1917 wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí a wà yìí. Ní 2017 a ṣe àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ̀, a jẹ, a mu, a ya fọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí ń dùn mí. Àwọn baba ńlá wa kó ara wọn jọ sórí òkè nítorí ogun, abúlé mọ́kànlá, Ìjò ni Ònjò sì ti jáde. (Bí mo bá ka àwọn mẹ́wàá yòókù, tí mo fi ọ̀kan ṣáájú èkejì, ìjà yóò bẹ́ sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí, nítorí náà n kò kà wọ́n.) Abúlé kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ tí ó ti wá, ní odò tí ó ń pọn, ní igi oṣè àti irúgbá tí ó mọ̀. Àwọn ọmọ wa ti kọ̀wé nípa ọba àti ogun wa, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni mo ń sọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni ó mú mi lọ sí ìlú àtijọ́ nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹ̀yìn ni wọ́n pọn ìyá tirẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀ ní 1917. Bí a ti ń rìn láàárín àpáàdì àti ìpìlẹ̀ ògiri, ó ń nàka: ibí ni ilé àwọn lágbájá, ibí ni wọ́n ti ń lọ ọkà, odò yìí kì í gbẹ bí ẹ̀ẹ̀rùn ti wù kí ó mú tó, orúkọ rẹ̀ sì ni báyìí báyìí. Mo dàgbà, mo lọ sí òkè òkun. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sọ fún un lórí tẹlifóònù pé, "Màmá, bí mo bá dé, a ó jókòó, n ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀." A máa rẹ́rìn-ín, a ní, "Ṣáà tètè máa bọ̀, ọmọ mi." Ìgbà òjò ni ó kú. Nígbà tí mo dé, èmi àti àwọn àbúrò mi jókòó láti ka orúkọ odò wọnnì. Mẹ́rin ni èmi rántí. Méjì ni àwọn rántí, a sì ń jiyàn lórí ọ̀kan nínú wọn títí di òní.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sí ilé ẹjọ́ nítorí ààlà oko mọ ohun tí irú iyàn bẹ́ẹ̀ ń bí.

Àbá mi nìyí. Kí adúgbò kọ̀ọ̀kan nínú mọ́kànlá yan ènìyàn mẹ́ta: àgbà ọkùnrin kan, àgbà obìnrin kan, àti akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká. Mo tẹnu mọ́ àgbà obìnrin, nítorí àwọn ni wọ́n pọn omi, tí wọ́n ṣẹ́ igi, tí wọ́n ṣa èso òrí. Àwa ọkùnrin, oko tiwa nìkan ni a mọ̀. Kí wọ́n lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn tí a bá ti sun igbó, tí ojú ilẹ̀ hàn. Kí wọ́n kọ orúkọ odò, àpáta, igi, ọ̀nà, ahoro àti ibojì, àti ẹni tí ó sọ ọ́ fún wọn. Bí àgbà méjì kò bá fohùn ṣọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Ẹ̀ka èdè Òǹkò tí a ń sọ ni kí wọ́n fi kọ ọ́. Tẹlifóònù ọwọ́ yóò sì gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀ràn ẹ̀sìn: Mùsùlùmí, Onígbàgbọ́ àti onísẹ̀ṣe ni ó ni ilẹ̀ náà.

Kí a sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ẹ rántí Àlùfáà Samuel Johnson ní Ọ̀yọ́, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni ó sì sọnù sí. Ó kú ní 1901 láìrí i. Bí kì í bá ṣe pé Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, tún un kọ láti inú àwọn ìwé tí ó kù nílé, tí ó sì jáde ní 1921, kí ni à bá máa kà? Ẹ̀dà kan yóò wà ní ààfin, ọ̀kan ní Ibi Ìkówèépamọ́sí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn, ọ̀kan lọ́dọ̀ àwa tí a wà ní òkè òkun.

Mo mọ̀ pé owó ọdún yìí ni a ti pinnu fún ògiri àyíká gbọ̀ngàn. N kò bá ògiri jà. Ṣùgbọ́n bí a kò bá mọ ọn lọ́dún yìí, a lè mọ ọn lọ́dún tí ń bọ̀. Àwọn àgbà tí wọ́n jókòó ní ìlà iwájú yìí, kí Ọlọ́run dá wọn sí fún wa, n kò lè sọ bákan náà nípa ohun tí ó wà nínú wọn. Mo bẹ ìpàdé yìí kí ó dìbò lé e lórí kí a tó túká.

Ìwé àkọsílẹ̀ mọ́kànlá wà lórí tábìlì Akọ̀wé, èmi ni mo rà wọ́n wá. Mo ti kọ orúkọ odò mẹ́rin sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú èyí tí ó jẹ́ ti adúgbò wa, mo sì fi àmì ìbéèrè sí iwájú ọ̀kan. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n, kí ó jọ̀wọ́ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.