Bí Ìbòrí Eyín Ṣe Ń Kọ́ Ara Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí Òṣìṣẹ́ Ìròhìn bá àwọn òbí àti òṣìṣẹ́ sọ ní Àgídìngbì, Ìkẹjà



Àdúgbò ilé-iṣẹ́ ni Àgídìngbì. Ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ rí mọ̀ pé ọjà kì í ṣàdédé to ara rẹ̀ pọ̀: ẹ̀rọ wà, òṣìṣẹ́ wà nídìí ẹ̀rọ, ọ̀gá sì wà tí ń pàṣẹ. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rìgì ọmọ ọwọ́ tí ẹ pọ̀n sẹ́yìn yẹn, iṣẹ́ kan ń lọ lọ́wọ́ tí kò ní ọ̀gá.

Ohun funfun dídán tí ó bo eyín ni ó le jùlọ nínú ara ènìyàn; ó le ju egungun lọ. Bí a bá pín ìwọ̀n rẹ̀ sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 96 jẹ́ èròjà bí òkúta, tí kálísíọ́mù àti fọ́síféètì parapọ̀ di. Síbẹ̀, ohun rírọ̀ ni ó kọ́kọ́ dé: prótíìnì kan tí à ń pè ní amelogenin, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀rìgì ń tú jáde.

Ẹ wo epo pupa lójú omi. Kò sí ẹni tí ó pàṣẹ fún un, síbẹ̀ ó ń ṣù jọ, nítorí epo kì í bá omi rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni amelogenin. Apá tí ó pọ̀ jù lára rẹ̀ ń sá fún omi, ìrù rẹ̀ ni ó ń fẹ́ omi. Nítorí náà, wọn a ṣù jọ róbótó. Bí a bá to irú ìṣù bẹ́ẹ̀ 50,000 sí ẹsẹ̀ kan, gígùn wọn kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ. Àwọn ìṣù náà a tún tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn onímọ̀ mìíràn rí i pé, bí kálísíọ́mù àti fọ́síféètì bá wà níbẹ̀, prótíìnì yìí a máa nà gbọọrọ bí ọ̀já. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà: ẹyọ kan kò lè ṣe é, àpapọ̀ wọn ni ó ń tọ́ òkúta eyín sọ́nà kí ó lè dàgbà ní tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó sì tò létòlétò.

Bí àwọn bíríkìlà ti í tú igi àti pákó kúrò nígbà tí ilé bá parí, bẹ́ẹ̀ ni èròjà mìíràn a gé prótíìnì náà sí wẹ́wẹ́, a sì kó o kúrò kí òkúta lè gba àyè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pàtàkì nìyí. Nígbà tí eyín bá yọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó kọ́ ìbòrí rẹ̀ ti kú. Èyí tí ó bá ti jẹ kò ní hù mọ́ títí ayé. Bẹ́ẹ̀ ni eyín ńlá tí ọmọ máa ń yọ ní nǹkan bí ọdún 6 ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìbòrí rẹ̀ láti ìgbà tí a bí i. Àìsàn líle nígbà ọmọ ọwọ́ lè dá ihò sí i lára.

Àwọn ìyá a máa bi wá léèrè bóyá ayé ni ó ba eyín ọmọ wọn jẹ́. Rárá o. Ẹlòmíràn jogún àṣìṣe nínú amelogenin, ìbòrí eyín rẹ̀ a sì fẹ́lẹ́. Kò sí ẹni tí ó ṣe é.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8, tàbí aboyún, ní oògùn Tetracycline láìjẹ́ pé dókítà ni ó pa á láṣẹ. Ó ń pa àwọ̀ eyín dà. Ẹ dín súìtì àti ohun dídùn kù, pàápàá lálẹ́: àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu ń sọ ṣúgà di omi kíkan tí ń jẹ ìbòrí eyín. Orín àtà àti pákò Ìjẹ̀bú dára, ṣùgbọ́n ẹ fi ọṣẹ ìfọyín tí ó ní flọ́ráìdì kún un lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́: ìwọ̀n hóró ìrẹsì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà fún èyí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí àmì tàbí ihò, ilé ìwòsàn LASUTH wà nítòsí ní Ìkẹjà, ẹ má dúró de ìrora.

Ẹ jẹ́ kí a tọ́jú ohun tí ara kò lè kọ́ lẹ́ẹ̀kejì.