Wáyà Ò Bá Afẹ́fẹ́ Jà

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àjọ̀dún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́

  

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ bí ènìyàn ṣe lè fi Wi-Fi kún ilé tó ti ní wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Oníròyìn ni mí. Poli ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Bírò àti ìwé àkọsílẹ̀ ni irinṣẹ́ mi, n kì í ṣe ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n akọ̀wé wa mọ ohun tó ń ṣe. Ó mọ̀ pé mo ti ṣubú nínú ọ̀ràn yìí rí, ẹni tó bá sì ti ṣubú lójú ọ̀nà kan ló mọ ibi tí kòtò wà níbẹ̀.

Ẹ rántí ọ̀gá wa tó kọ́ wa ní físíìsì. Wọ́n máa ń so okùn mọ́ ìlẹ̀kùn láàbù, wọ́n á máa jù ú sókè sílẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ wo ìgbì! Kì í ṣe okùn ló ń rìn, agbára ló ń rìn." Àwọn ni Bàbá tí ìtàn yìí dá lé lórí. Wọ́n jókòó síwájú níbẹ̀ yẹn, wọ́n sì ti fún mi láṣẹ kí n sọ ọ́.

Nígbà tí Bàbá ń kọ́ ilé wọn ní Ìbàdàn, ọmọ wọn ọkùnrin ní kí wọ́n fi wáyà íntánẹ́ẹ̀tì sínú ògiri kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Wáyà mẹ́rin ni: ọ̀kan sí yàrá ìkàwé lókè, méjì sí yàrá àwọn ọmọ, ọ̀kan sí pálọ̀ nísàlẹ̀. Gbogbo wọn pàdé lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí router kékeré kan wà. Router yẹn ti dàgbà, kò ní Wi-Fi rárá. Kò sì sí wáyà kankan tó lọ sí yàrá Màmá. Nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, ta ló rò pé Màmá á nílò íntánẹ́ẹ̀tì?

Ọdún ń gorí ọdún, àwọn ọmọ tú ká. Wọ́n wá ṣe iṣẹ́ abẹ fún Màmá ní ìbàdí, dókítà ní kí wọ́n sinmi lórí ibùsùn. Àkókò yẹn gan-an ni ọmọ wọn obìnrin bímọ ní London. Bàbá ń gòkè lọ rí ọmọ ọmọ nínú kọ̀ǹpútà, Màmá á sì máa ké láti ìsàlẹ̀ pé, "Ta ló jọ? Ṣé irun wà lórí ẹ̀?" Ilé náà wà ní àfonífojì, fóònù kì í rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mú dáadáa níbẹ̀. Ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, ọjọ́ Sátidé. Ọjọ́ Fráídè ni mo gbé router tuntun oní-Wi-Fi dé, tí mo sọ fún Màmá pé, "Ẹ má ṣèyọnu, Mà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni."

Mo fi router tuntun náà sórí wáyà pálọ̀. Iná rẹ̀ tàn. Fóònù mi rí Wi-Fi, ó wọlé, ṣùgbọ́n kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ń gbọn fóònù bí ẹni gbọn ajere, ni mo gbọ́ ohùn Bàbá lókè: "Kọ̀ǹpútà mi ti kú o!" Èyí tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ náà ti bàjẹ́. Ẹ wò ó, òógùn bò mí. Ilé ti ń ṣú, ìsọmọlórúkọ ku bí ọmú ìyá ọmọ, àfi èmi nìkan ni mo ba nǹkan jẹ́.

Bàbá sọ̀kalẹ̀. Wọn ò bínú. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá ní láàbù: "Kí lo yí padà kẹ́yìn?" Mo ní, "Router yìí ni, sà." Wọ́n ní, "Yọ ọ́." Mo yọ ọ́, a pa kọ̀ǹpútà, a tún un tàn, íntánẹ́ẹ̀tì padà dé. Wọ́n ní, "Ó tó. Àwọn méjì yìí ló ń jà. Kí ni wọ́n jọ ń ṣe tí wọ́n fi ń jà?" A dojú àwọn méjèèjì délẹ̀, a ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí wọn. Nọ́ńbà kan náà ni: 192.168.1.1.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé-ìwé wa ṣàlàyé rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò WAEC, olúkúlùkù ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ̀gá kan ló sì ń pín in. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ẹ̀rọ tó bá wọ inú ilé ṣe ń gba nọ́ńbà, àdírẹ́sì ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ pípín àdírẹ́sì yìí ló ń jẹ́ DHCP, router ló sì sábà ń ṣe é. Èmi ti mú ọ̀gá kejì wọ gbọ̀ngàn kan náà, nọ́ńbà ọ̀gá àkọ́kọ́ ni òun náà so mọ́yà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín nọ́ńbà tirẹ̀. Ó tún ń sọ fún àwọn ọmọ pé, "Ọ̀dọ̀ mi ni kí ẹ gbà jáde," nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ọ̀nà ìta. Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan náà.

Bí a ṣe parí ìjà nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sọ́kàn. A yọ router tuntun kúrò lára wáyà ilé, a fi wáyà kúkúrú so kọ̀ǹpútà mọ́ òun nìkan, a wọ ojú ìwé ètò rẹ̀. Èkíní, a yí nọ́ńbà rẹ̀ sí 192.168.1.2, kó lè jẹ́ ọmọ ìdílé kan náà láìjẹ́ olórúkọ kan náà. Ẹ kíyè sí i kí nọ́ńbà tí ẹ bá yàn má wà lára èyí tí ọ̀gá àkọ́kọ́ ń pín fún àwọn ẹlòmíràn. Tiwọn bẹ̀rẹ̀ láti orí 100, nítorí náà 2 ṣófo. Èkejì, a pa DHCP rẹ̀. Ẹ̀kẹta, nígbà tí a gbé e padà, ihò tí wọ́n kọ LAN sí la fi wáyà pálọ̀ sí, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ WAN sí. Bí ẹ bá lo ihò WAN, íntánẹ́ẹ̀tì lè ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé á pín sí méjì, fóònù ìsàlẹ̀ sì lè má rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òkè. Ó ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù nígbà tí fóònù mi dún lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ti rán sí mi láti àárọ̀ ya wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra tiyín, ọ̀nà tó rọrùn jù wà. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní access point. Òun kì í pín nọ́ńbà, kì í du oyè. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó gba ohun tó wà nínú wáyà kó fi sínú afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ router òde òní náà ní bọ́tìnnì tàbí ètò kan tí wọ́n kọ "Access Point" sí. Bí ẹ bá yàn án, òun fúnra rẹ̀ á ṣe gbogbo ohun tí èmi àti Bàbá fi alẹ́ kan ṣe.

Ẹlòmíràn á ní, kí ni wáyà tún wúlò fún nígbà náà? Kí a fà á tu kẹ̀! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Wáyà Cat5e lásán, tó ní okùn tín-ín-rín mẹ́jọ nínú, lè gbé íntánẹ́ẹ̀tì dé 100 mítà, ògiri kankan kò ní dí i lọ́wọ́. Ti afẹ́fẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbì 2.4 GHz gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjìlá ààbọ̀, ti 5 GHz kò tó ìdajì rẹ̀. Èyí tó gùn máa ń la ògiri kọjá díẹ̀ ju èkejì lọ, èyí tó kúrú ń yára jù, ṣùgbọ́n ó tètè ń rẹ̀ ẹ́ níwájú búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré. Irin, dígí ńlá àti táńkì omi kì í jẹ́ kó kọjá dáadáa. Ààrò microwave náà ń lo ìgbì tó sún mọ́ 2.4 GHz, ó lè da ọ̀rọ̀ rú nígbà tí ẹ bá ń gbé oúnjẹ gbóná. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó dúró lójú kan àti tẹlifíṣọ̀n máa lo wáyà, kí ẹ fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún fóònù àti ohun tí ń rìn. Ẹ gbé àpótí náà sókè, sí àárín ibi tí ẹ ti fẹ́ lò ó, ẹ má ṣe tì í sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Bí Wi-Fi àwọn aládùúgbò bá pọ̀, ìlà 1, 6 tàbí 11 ni kí ẹ yàn lórí 2.4 GHz, nítorí àwọn mẹ́ta yẹn kì í gun ara wọn lẹ́sẹ̀.

Bí ẹ bá sì wádìí ìtàn wọn, ẹ ó rí i pé ìyekan ni wáyà àti afẹ́fẹ́. Ní 1971, Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Hawaii fi rédíò so kọ̀ǹpútà pọ̀ láti erékùṣù sí erékùṣù. ALOHAnet ni wọ́n pè é. Bí ẹni méjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀, tí ọ̀rọ̀ wọn dàrú, olúkúlùkù á dúró díẹ̀, á tún un sọ. Robert Metcalfe kọ́ ọgbọ́n yẹn, ó fi ṣe Ethernet ní 1973, èyí tí wáyà ilé wa ń lò. Nígbà tó wá di 1997, ìlànà 802.11 jáde, ni Ethernet bá tún padà sínú afẹ́fẹ́. Ní 1999 ni wọ́n sọ ọ́ ní Wi-Fi. Wáyà kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ rédíò, rédíò sì tún padà wá jókòó lórí wáyà. Kódà fóònù tí a ń gbé kiri, wáyà ló wà nídìí ẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, ṣebí báǹkì wa ní Nàìjíríà ló dẹnu kọlẹ̀?

Ó ku ìkìlọ̀ mẹ́ta. Àkọ́kọ́, wáyà nílò kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ilé kí olè tó lè dé ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n Wi-Fi ń jáde gba ojú fèrèsé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà tó gùn sí i, kì í ṣe orúkọ ọmọ yín, kì í ṣe nọ́ńbà fóònù yín. Ẹ yan WPA2 tàbí WPA3. WEP ìgbà láéláé, láti 2001 ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi hàn pé ó ṣeé já, ẹ má lò ó. Ẹ sì yí ọ̀rọ̀ aṣínà ojú ìwé ètò náà padà, nítorí èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé iṣẹ́, gbogbo ayé ló lè mọ̀ ọ́n. Èkejì, ẹ yẹ wáyà wò kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e, eku ò mọ wáyà yàtọ̀ sí iṣu. Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá ní ínfátà, àpótí abẹ́ àtẹ̀gùn àti àpótí Wi-Fi ni kí ẹ jọ so mọ́ ọn. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì kàn ń tanná lásán ni.

Ní ọjọ́ Sátidé yẹn, a gbé fóònù síwájú Màmá lórí ibùsùn. Ojú ọmọ yọ. Màmá ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún ọmọ ní oríkì, wọ́n kì í, wọ́n kì í, títí àwọn tó wà ní London fi dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọmọ náà yí ojú sí ibi tí ohùn ti ń bọ̀. Bàbá dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Kì í ṣe okùn ló ń rìn."

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti fa wáyà sílé, tí fóònù ti gba ọwọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́yìn náà. Kí ẹ tó ra ohun tuntun, ẹ bi ara yín léèrè pé yàrá ta ni wáyà ò dé nínú ilé yín? Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.