ÈÉ ṢE TÍ O FI GBÉ OWÓ DÁNÍ?



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ kì í ṣe ti ọlọ́pàá nìkan. Ti ẹnu àwa fúnra wa ni. Bí ọmọ Ọ̀fà kan bá ti ìrìn àjò dé, tí ó ní àwọn tí ó wọ aṣọ ọlọ́pàá dá ọkọ̀ òun dúró, wọ́n tú àpò òun, wọ́n sì gba owó ọjà òun, kí ni àwa máa ń kọ́kọ́ bi í? "Èé ṣe tí o fi gbé owó dání? Kí ni o sọ sí wọn?" Kí ó tó jókòó, a ti dá a lẹ́bi. Ẹni tí olè wa iṣu rẹ̀, a kì í bi í pé èé ti ṣe tí ó fi gbin iṣu.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọjọ́ 5 oṣù April, ọdún 2018, tí àwọn adigunjalè ya wọ àgọ́ ọlọ́pàá àti àwọn báńkì ìlú wa. Ọlọ́pàá 9 wà lára àwọn tí ó kú. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a kórìíra iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí àwọn báńkì ti ilẹ̀kùn fún ìgbà pípẹ́, àwọn oníṣòwò wa sì ní láti gbé owó gba ojú ọ̀nà lọ sí ìlú mìíràn. Ta ni yóò ha sọ pé wọ́n ṣe àfojúdi?

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní ẹsẹ 44, sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ipá gba ohun ìní ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ní ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀. Òótọ́ ni pé òfin ọdún 2022 kò jẹ́ kí ẹnì kan san owó tí ó ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ láti ọwọ́ sí ọwọ́. Ṣùgbọ́n owó sísan ni ìyẹn, kò sì fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti pín owó olówó lẹ́bàá ọ̀nà.

Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà mọ̀ pé kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Ní ọdún 2003, ní Nebraska, ọlọ́pàá gba dọ́là 124,700 lọ́wọ́ awakọ̀ kan. Wọn kò bá oògùn olóró nínú ọkọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ní ọdún 2006 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fi owó náà fún ìjọba. Lára ìdí tí wọ́n rò ni pé owó náà pọ̀. Níbẹ̀ pàápàá, owó gbígbé ti di ẹ̀ṣẹ̀.

Ìtìjú ìbéèrè wa ni ó ń pa ẹni tí a rẹ́ jẹ lẹ́nu mọ́, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ náà ni oníwà ìbàjẹ́ sì fi ń jẹun. Láti òní lọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wí pé, "Pẹ̀lẹ́ o." Lẹ́yìn náà kí a kọ ọjọ́, wákàtí, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, àti nọ́ńbà tí ó wà lára aṣọ wọn sílẹ̀, kí a sì bá a lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àgọ́ àti àwọn agbẹjọ́rò tí ó jẹ́ ọmọ ìlú wa. Ọmọ ìlú ìjàkadì ni wá. A kì í dúró ti ẹni tí ó gbé ọmọ wa ṣubú.

Kí Ọlọ́run kí ó tún Ọ̀fà ṣe. Àmín.