Owó Ogun àti Owó Orí: Ọ̀ràn Àgbẹ̀kọ̀yà ní Ìbàdàn, 1968 sí 1969

Ọ̀ràn tí mo gbé wá kò jìnnà sí Ring Road tí a jókòó sí yìí. Bí ènìyàn bá gba Mọ̀lété kọjá sí Òríta-Apẹrin, ọ̀nà Akánrán ló kàn.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá Faransé jagun tán ní 1763, gbèsè wọ ìjọba wọn lọ́rùn. Ní 1765 wọ́n bu owó òǹtẹ̀ lé àwọn ará Amẹ́ríkà, àwọn wọ̀nyẹn sì kọ̀ ọ́. Bí mo bá ń ka ìtàn náà, Akánrán ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù keje 1967. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni kọmíṣánnà ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀, ó sì pinnu pé a kò ní yáwó lókèèrè láti fi jà á. Nílé ni owó ogun ní láti ti wá. Ní ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀, owó orí ga sí i. Àwọn kan ní ogun nìkan ló fa ìjà; n kò gbà. Bọ́ọ̀dù tí ń ra kòkó ti ń jẹ èrè àgbẹ̀ tipẹ́. Akóda káńsù àti wolé-wolé ti ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọ̀nà oko sì ti bàjẹ́. Okùn ti wà lọ́rùn wọn tẹ́lẹ̀, ogun ló fà á le.

Wọ́n ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà péré ni àwọn yóò san. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kẹ́ owó ẹyọ kan jẹ́ ṣílè márùn-ún. Mẹ́fà sì jẹ́ ọgbọ̀n ṣílè. Owó ẹyọ ti kúrò lọ́jà tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n òǹkà bàbá wọn ni àwọn àgbẹ̀ fi bá ìjọba ṣírò, kì í ṣe ti ìwé akọ̀wé.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá 1968, wọ́n rọ́ lọ sí Màpó. Ìbọn dún, ènìyàn kú. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, Adájọ́ Ayọ̀ọlá ni alága, síbẹ̀ ara kò rọ̀. Ní oṣù keje 1969 wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Ọlájídé Ọláyọdé. Èyí burú, n kò sì ní í fi ìyà àgbẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n fọ́ ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn tí a tì mọ́lé nítorí owó orí sílẹ̀.

Ogun abẹ́lé kò tíì parí. Oṣù kìíní 1970 ni yóò tó parí. Ta ni ó wá lọ bá Táfà Adéoyè, olórí wọn, ní Akánrán? Awólọ́wọ̀ tí ń wá owó ogun náà ni. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀. Pọ́n-ùn méjì ni owó orí já sí, ìyẹn ọ̀kẹ́ mẹ́jọ: ọ̀kẹ́ méjì lé lórí ohun tí wọ́n ní àwọn yóò san. Wọ́n gbà.