Iṣẹ́ ní Guadeloupe: Ẹ Ka Ìwé Náà Kí Ẹ Tó San Owó

  

Lọ́dún tó kọjá, baba kan mú ìwé kan wá sí kíláàsì wa. Alárinà kan ló fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní ìwé náà. Ó ní òun ti bá ọmọ náà rí iṣẹ́ ní Guadeloupe, kí wọ́n mú 800.000 fáráńsì wá. Baba ti ń múra láti fi oko kajú rẹ̀ dógò.

Níbo ni Guadeloupe wà? Erékùṣù ni, ní òdìkejì òkun, lápá ibi tí oòrùn ń wọ̀. Ìjọba Faransé ló ni í. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé níbẹ̀, owó euro ni wọ́n ń ná.

Iṣẹ́ wà níbẹ̀, irọ́ kọ́. Wọ́n ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìrèké. Láti nǹkan bí oṣù kejì títí dé oṣù kẹfà, wọ́n ń gé ìrèké. Àwọn ará Haiti àti ará erékùṣù Dominique tó múlé tì í máa ń wá ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ gan-an kò ríṣẹ́. Ní 1963, ìjọba dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí ń jẹ́ BUMIDOM, láti máa kó wọn lọ ṣiṣẹ́ ní Faransé. Ẹ wò ó: onílé ń jáde, àlejò ń wọlé!

Iṣẹ́ ìrèké yìí ní ìtàn. Ní 1848, oko ẹrú parí níbẹ̀. Àwọn olóko wá ń wá òṣìṣẹ́. Láti 1854, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn ará Íńdíà wá, ó lé ní 40.000 ènìyàn. Ìwé àdéhùn ọdún 5 ni wọ́n fi mú wọn. Ìwé wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ló lè kà á?

Báyìí ni ọ̀nà òtítọ́ ṣe rí lónìí. Ọ̀gá tó ni iṣẹ́ ní Guadeloupe ni yóò kọ́kọ́ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba láti gba àjèjì. Lórí ìwé, ẹ óò rí i báyìí: autorisation de travail. Bí ìjọba bá gbà, ìwé àṣẹ yẹn ni òṣìṣẹ́ yóò fi tọrọ fisa ọlọ́jọ́ pípẹ́. Fisa ìbẹ̀wò kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti ṣiṣẹ́. Lóòótọ́, òṣìṣẹ́ lè san owó fisa. Ṣùgbọ́n òfin Faransé kọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ nítorí pé ó mú un wọ̀lú tàbí pé ó gbà á síṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ baba wa. Ó fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé náà. Ó ń pe lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: t, o, u, r... Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó parí.

Ó ní, "Olùkọ́, kí ni *tourisme*?"

Mo ní, "Baba, ìrìn àjò ẹni tó fẹ́ lọ wo ìlú ni."

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹni tó lọ wòran, ta ni yóò fún un ní àdá?"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín. A wá orúkọ ọ̀gá iṣẹ́ nínú ìwé náà, a kò rí i. A wá iye owó oṣù, kò sí. Ọmọ náà bínú sí mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi kí mi. Oko kajú ṣì wà lọ́wọ́ baba rẹ̀, wọ́n sì jọ ká èso rẹ̀ lọ́dún yìí.

Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ mú un wá sí kíláàsì lọ́jọ́ ẹ̀kọ́ tí ń bọ̀. A ó jọ kà á. Ó dàbọ̀ o.