Kí Ẹ Tó Ra Igi Gọ́ọ̀fù Tuntun: Ṣé Igi Ló Ń Gbá Ilẹ̀ Ni, Àbí Ẹ̀yin?

  

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin olùgbọ́ wa ló fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ó ti pé oṣù mẹ́fà tí mo ti ń kọ́ gọ́ọ̀fù. Bí mo bá ti mú iron lọ́wọ́, ilẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbá. Koríko á fò, bọ́ọ̀lù á kàn yí gbirigbiri lọ síwájú díẹ̀, ó tán. Ẹnì kan ní òun ní igi tòkunbọ̀ kan tí kì í jẹ́ kéèyàn gbá ilẹ̀. Owó tí mo fẹ́ fi ra laptop ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n rà á?"

Àbúrò mi, má tíì sanwó. Jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ná. Ohun tó ń ṣe ọ́ yìí ti ṣe èmi náà rí, owó tèmi sì ti bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ ò gbá gọ́ọ̀fù rí. Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kéré gan-an, ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 43 lọ. Orí koríko ló máa ń jókòó sí. Bí orí igi bá kọ́kọ́ kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù á fò. Àmọ́ bí orí igi bá kọ́kọ́ wọ ilẹ̀, ilẹ̀ ti gba agbára rẹ̀ nìyẹn. Erùpẹ̀ àti koríko á tún há sáàárín igi àti bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù tó yẹ kó lọ tó yáàdì 140 lè má dé 60. Ohun tí àwọn agbágọ́ọ̀fù ń pè ní "fat" nìyẹn. Ó máa ń dun ọwọ́, ó sì máa ń tini lójú.

Kí ló ń fà á? Ẹ rántí jangilọ́fà tí a máa ń gun nígbà tí a wà lọ́mọdé. Bó ṣe ń fì lọ tó ń fì bọ̀, níbo ló ti máa ń sún mọ́ ilẹ̀ jù? Ní ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n so okùn mọ́ gan-an ni. Bí ẹ bá sún ibi tí wọ́n so okùn mọ́ sẹ́yìn, ibi tó ti sún mọ́ ilẹ̀ jù náà á sún sẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni gọ́ọ̀fù rí. Àyà àti èjìká yín ni ibi tí wọ́n so okùn mọ́, apá yín àti igi ni okùn. Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù, bí ara rẹ̀ bá fì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún nígbà tí igi ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù ni igi máa bá ilẹ̀ pàdé. Kò sí bí igi náà ṣe wọ́n tó. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń lo iron, ibi tí igi wọn ti máa ń lọ sílẹ̀ jù máa ń wà ní nǹkan bí ínǹṣì 4 níwájú bọ́ọ̀lù. Wọ́n á kọ́kọ́ kan bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bó koríko. Bí ẹ bá ń wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ wo ibi tí koríko ti bó: iwájú ibi tí bọ́ọ̀lù wà ni.

Kí ló dé tí àwa ọmọ ìkọ́ṣẹ́ fi máa ń fì sẹ́yìn? A fẹ́ ran bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ni. A fẹ́ bù ú sókè bí ẹni ń fi ìgbakọ bu ọbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọ́n ti dá ìgbésókè náà mọ́ igi. Ojú iron 7 ti dagun sẹ́yìn ní nǹkan bíi dígírì 30. Iṣẹ́ igi ni láti gbé bọ́ọ̀lù sókè, iṣẹ́ tiyín ni pé kí igi kọ́kọ́ kan bọ́ọ̀lù.

Ó yá, ẹ gbọ́ ìtàn tèmi. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ra odidi àpò igi kan tí ìsàlẹ̀ wọn fẹ̀ dáadáa, torí wọ́n ní irú wọn kì í rì sínú ilẹ̀. Mo gbé wọn lọ sí driving range, ibi tí wọ́n ti ń dánra wò lórí kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà. Bọ́ọ̀lù ń fò! Mo ya fídíò, mo fi sórí status. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wọ pápá gan-an. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ní ihò kìíní, mo gbá ilẹ̀. Ní ihò kejì, mo gbá ilẹ̀. Nígbà tó fi máa di ihò kẹrin, mo ti ń wo igi yẹn bí ẹni ń wo ọ̀tá.

Bàbá kan tó jẹ́ kádì ló ń bá mi gbé àpò. Kò sọ̀rọ̀ títí, ó wá ní, "Ọ̀gá mi, ẹ má bínú o. Ṣé orí rọ́bà lẹ ti ń kọ́ ọ?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Rọ́bà ló ń tàn yín."

Òótọ́ ló sọ. Lórí rọ́bà, bí orí igi bá balẹ̀ sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ṣe ló máa yọ̀ lọ síwájú, á sì tún bá bọ́ọ̀lù. Ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ ti ṣe àṣìṣe. Ilẹ̀ gidi kì í yọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá dé pápá ni ẹ máa mọ̀.

Nígbà tí a parí, Bàbá mú mi lọ sí ibi yanrìn tí wọ́n ti ń dánra wò. Ó fa ilà tààrà kan sórí yanrìn. Ó ní kí n dúró bí ẹni pé bọ́ọ̀lù wà lórí ilà náà, kí n fi igi mi gbá yanrìn lẹ́ẹ̀mẹwàá. Nínú mẹ́wàá, mẹ́jọ ló balẹ̀ sẹ́yìn ilà. Bàbá gba igi yẹn lọ́wọ́ mi, òun náà gbá mẹ́wàá. Gbogbo rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ láti orí ilà lọ síwájú. Ó tún mú igi àtijọ́ kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tín-ínrín, bákan náà ló rí. Igi kan náà, ọwọ́ méjì. Mo dákẹ́. Èmi ni mo ti ń ṣe bí ọ̀bùn tó rí ikú ọkọ tìràn mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́ mi lódì o. Mi ò sọ pé igi ò já mọ́ nǹkan kan. Ìsàlẹ̀ orí igi ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní bounce. Ó jẹ́ ìwọ̀n bí ìsàlẹ̀ igi ṣe yọ ikùn, tí kì í jẹ́ kí etí rẹ̀ gún ilẹ̀ bí ọkọ́. Gene Sarazen, agbágọ́ọ̀fù ará Amẹ́ríkà, jó irin mọ́ ẹ̀yìn igi rẹ̀ títí ó fi rí i pé igi náà ń gba inú yanrìn kọjá láìrì. Igi yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó gba ife-ẹ̀yẹ Open ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1932.

Lónìí, wedge tí bounce rẹ̀ kéré máa ń ní bíi dígírì 4 sí 6, èyí tó pọ̀ máa ń ju 10 lọ. Ní ìgbà òjò tí ilẹ̀ bá rọ̀, èyí tó kéré máa ń tètè rì. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ bá le, èyí tó pọ̀ lè ta padà lára ilẹ̀, kó lọ gbá àárín bọ́ọ̀lù. Gígùn igi náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ igi tòkunbọ̀ ni wọ́n ṣe fún ọkùnrin tó ga. Bí ẹ bá kúrú, tàbí tí ẹ jẹ́ obìnrin, tí ẹ sì ń lo irú igi bẹ́ẹ̀, ó lè máa balẹ̀ kó tó yẹ. Kí wọ́n gé e kúrú ò ná ni lówó tó ríra tuntun.

Nítorí náà, ohun tí igi lè ṣe ni pé kó dín ìyà àṣìṣe kù. Kò lè sún ibi tí ẹ ti ń balẹ̀ síwájú. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè sún un.

Àbúrò mi, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ rèé. Kọ́kọ́ wá yanrìn, fa ilà, gbá a lẹ́ẹ̀mẹwàá. Bí ojú ibi tí igi balẹ̀ bá ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilà, swing rẹ ni. Bó bá ń bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ, àmọ́ tí igi ń gbẹ́ kòtò jíjìn, a lè wá bi igi léèrè ọ̀rọ̀.

Bó bá jẹ́ swing ni, gbé bọ́ọ̀lù iron 7 sí àárín ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì, má jẹ́ kó sún jù síwájú. Kí o tó gbé igi sókè, jẹ́ kí ara rẹ tẹ̀ sí ẹsẹ̀ òsì díẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, kó sì wà níbẹ̀ nígbà tí igi bá ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, ká táwẹ́ẹ̀lì kan, tẹ́ ẹ sílẹ̀ sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, kó jìnnà sí i ní bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Gbá bọ́ọ̀lù láìkan táwẹ́ẹ̀lì. Rọra ṣe é, má lo agbára. Orí koríko ni kó o ti ṣe é o, kì í ṣe orí rọ́bà. Fi fóònù rẹ ya ara rẹ láti iwájú, kí o wo ibi tí àyà rẹ wà nígbà tí igi kan bọ́ọ̀lù.

Ṣe é fún oṣù kan gbáko. Bí ọwọ́ bá ṣì dùn ọ́ láti náwó, fún kádì tó mọṣẹ́ tàbí olùkọ́ ní díẹ̀ níbẹ̀ kó wò ọ́ fún wákàtí kan. Ó ṣeé ṣe kí laptop rẹ ṣì kù sílẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó padà wá bá adìẹ wí. Swing ni akátá, igi ni adìẹ. Èmi bá adìẹ wí fún odidi ọdún kan, akátá sì ń kó mi lọ́mọ jẹ. Àpò igi yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi di òní. Wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù dáadáa báyìí, èmi ò sì pààrọ̀ ẹyọ kan nínú wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá dán ilà orí yanrìn yẹn wò, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, ká jọ ka iye tó balẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ má tijú, tèmi jẹ́ mẹ́jọ. Ó dìgbà kan ná o.